Orí Karùn-ún: Ẹ Má Tíì Tan Án! Rédíò Ológun Àtijọ́ Nínú Ilé Yín

Orí yìí wà fún ẹni tó bá àpótí irin wúwo kan pàdé nínú ẹrù baba rẹ̀ tó ti dolóògbé, tàbí tó rí i lọ́dọ̀ onípàǹtí irin ní Alajue, tí wọ́n sì sọ fún un pé rédíò ṣọ́jà ni. Àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ eérú ló ní. Bọ́tìnì ńláńlá wà níwájú rẹ̀, ojú ìwọ̀n tí nọ́ńbà kún bámú wà láàárín, púlọ́ọ̀gì òde òní kò sì wọ ihò kankan lára rẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn gbogbo èèyàn ni pé kí wọ́n wá wáyà, kí wọ́n tan án, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ń kú sí. Ẹ̀rọ tó la ogun já, tó sì jókòó sínú eruku fún ọdún gbọọrọ, iná IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, lè pa á láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí pé àwọn ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ ti gbó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò wọ́n.

Ìlànà wa ò ju èyí lọ: ẹ wò ó, ẹ ṣí i, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fún un níná díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dẹ etí sí i. Àwọn tó rọ ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé inú igbó àti inú aṣálẹ̀ ni wọ́n máa tún un ṣe, níbi tí kò ti sí ilé ìtajà. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ èèyàn nínú rẹ̀. Sùúrù ni wọn ò lè bá yín fi sínú àpótí.

Alajue ní gúúsù Ẹdẹ la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó ń bá ẹ̀rọ jà níbẹ̀ náà ló ń bá a jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: iná tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rinrin, eku, àrá, àti ariwo ṣájà fóònù.

Ibi tí wọ́n ti wá

Ṣọ́ọ̀tì wéèfù ni ìgbì rédíò tó wà láàárín mẹ́gáháàsì 3 sí 30. FM tí ẹ ń gbọ́ láti Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo kì í rìn jìnnà kọjá ibi tí ojú òpó rẹ̀ tó. Ṣọ́ọ̀tì wéèfù ní tirẹ̀ a máa gòkè lọ kan ìpele afẹ́fẹ́ kan lókè réré tí oòrùn ti fún lágbára iná, ìpele náà á sì dá a padà sílẹ̀ ní ibi tó jìn tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ológun fi fẹ́ràn rẹ̀: kò sí òpó láàárín tí ọ̀tá lè bì wó, kò sí wáyà tí ọ̀tá lè gé.

December 1932 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣọ́ọ̀tì wéèfù bá àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ láti Daventry. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé Radio Distribution Service kalẹ̀ ní Èkó ní 1935, àti ní Ìbàdàn ní 1939, ẹ̀rọ kan ní ibùdó ló ń gba ohùn òkè òkun, wáyà ló sì ń pín in dé inú àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì nílé oníkálukú. Onílé kò ní bọ́tìnì tó lè fi wá ibòmíràn. Ohun tí ibùdó bá gbà ni tirẹ̀.

Ogun Hítílà ló sọ ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀tì wéèfù di ọjà tí ilé iṣẹ́ ń rọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn ọmọ wa náà bá a pàdé lójú ogun. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81st West African Division sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní March 1943, 82nd sì tẹ̀lé e ní August ọdún náà. Wọ́n kó wọn lọ sí Íńdíà, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọ Búmà. Ní àfonífojì Kaladan kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Orí ni àwọn arẹrù fi ń ru ọta àti ohun èlò, bàálù ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn látòkè. Rédíò ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn pé ibi báyìí la wà, ohun báyìí ló tán lọ́wọ́ wa. Bí rédíò bá dákẹ́, ebi dé. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, fara gbọgbẹ́ ní Kaladan ní 1944, ọ̀tá sì ká a mọ́ ẹ̀yìn ojú ogun. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn ará abúlé fi gbé e pa mọ́ kí àwọn ọmọ ogun tiwọn tó padà dé ibẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lọ́wọ́, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè.

Lẹ́yìn 1945, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ta àwọn rédíò ogun tó ṣẹ́kù fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó, wọ́n sì tàn kálẹ̀ ayé. Ṣùgbọ́n ìfura láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà tún mú kí wọ́n rọ òmíràn tó dára jù wọ́n lọ ní àwọn ọdún 1950. Ní ilẹ̀ wa, ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 fi agbára ṣọ́ọ̀tì wéèfù hàn: inú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Umuahia ni Voice of Biafra ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà sì ni National War Museum tí wọ́n ṣí ní 1985 wà títí dòní. Ní 1996, lẹ́yìn tí wọ́n pa Kudirat Abíọ́lá ní June 4, rédíò àwọn tó ń tako ìjọba ológun Abacha láti òkè òkun gba orúkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀tì wéèfù ni Radio Kudirat fi ń wọlé tọ àwọn èèyàn wá, ìjọba ológun kò sì rí òpó kankan ní Nàìjíríà tí wọn ì bá bì wó.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀

Ẹ wá orúkọ rẹ̀ lára irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ojú rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí ẹ lè bá pàdé rèé:

R107. Ti ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ń gba mẹ́gáháàsì 1.2 sí 17.5, fáàfù (ẹ̀yà onígíláàsì tàbí onírin tó ń gbé ohùn ga) mẹ́sàn-án ló ní, sípíkà rẹ̀ wà nínú, ó sì ju kílò 40 lọ. Ó lè lo iná ilé láti fóòtì 100 sí 250, ó sì lè lo báttìrì fóòtì 12. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í dúró, èyí ló dára jù.

R1155. Inú bàálù ajubọ́ǹbù bíi Lancaster ló wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ T1154. Ojú ìwọ̀n rẹ̀ rí rogodo. Kò ní ohun tó ń fún un níná nínú ara rẹ̀, ẹ ní láti kọ́ ọ lọ́tọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní iná ilé ló fi ń tan án, ẹ bi í pé ẹ̀rọ amúná wo ló fi ṣe é, kí ẹ sì rí i.

AR88. RCA ní Amẹ́ríkà ló rọ ọ́. Ó ń gba kílóháàsì 535 títí dé mẹ́gáháàsì 32, fáàfù 14 ló ní, ó sì sún mọ́ kílò 45. Etí rẹ̀ mú púpọ̀. Àwọn tó ń dẹ etí sí ọ̀tá nígbà ogun lò ó gan-an.

BC-348 àti BC-342. Ti Amẹ́ríkà ni àwọn náà. BC-348 wà nínú bàálù B-17 àti B-29, fóòtì 28 ló ń jẹ. BC-342 wà lórí ilẹ̀, ó ń jẹ iná ilé, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà, fóòtì 115. Ẹni tó bá fi í sínú iná fóòtì 230 tiwa ti sun ún nìyẹn.

Wireless Set No. 19. Inú ọkọ̀ ogun onírin ló wà. Èyí tí wọ́n rọ ní Kánádà fún Rọ́ṣíà ní èdè méjì lójú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà. Kì í ṣe agbọ́rọ̀ nìkan, ó ń sọ̀rọ̀ jáde pẹ̀lú. Ẹ ka ohun tí a sọ nípa òfin nísàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan án.

Racal RA17. Ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é láti nǹkan bí 1957, lórí ọgbọ́n tí Trevor Wadley, ọmọ South Africa, gbé kalẹ̀. Bí ẹ bá ń yí bọ́tìnì rẹ̀, fíìmù tín-ín-rín kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára á máa yí kọjá lẹ́yìn gíláàsì. Bí ẹ bá tẹ́ fíìmù náà sílẹ̀, ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè dúró sórí ìgbì kan gẹ́lẹ́ láìṣi í.

R-390A. Collins ló gbé e kalẹ̀ fún ológun Amẹ́ríkà ní àárín àwọn ọdún 1950, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì bá wọn rọ ọ́. Fáàfù 26, mẹ́gáháàsì 0.5 sí 32. Nọ́ńbà gidi ló ń yí lójú rẹ̀ láti fi ìgbì hàn.

Bí irin orúkọ bá ti já, ẹ wá àmì mìíràn. Ọfà kékeré onílà mẹ́ta tó kọjú sókè jẹ́ àmì ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10D jẹ́ ti ọmọ ogun òfurufú wọn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ZA jẹ́ ti ọmọ ogun ilẹ̀. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ MFP lára ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tó ń lé ọ̀rinrin àti ewú jìnnà. Irú rẹ̀ máa ń pẹ́ ju àwọn yòókù lọ ní ilẹ̀ olójò bíi tiwa.

Kí ẹ tó sanwó

Gbígbọ́ rédíò kò ṣòro lábẹ́ òfin. Kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ jáde lórí rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ̀ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ni ìyẹn ti ń wá. Àwọn tó gba ìwé àṣẹ rédíò aládàáni ní Nàìjíríà ń lo àmì ìpè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ kan, Nigeria Amateur Radio Society. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó ní apá asọ̀rọ̀, bíi No. 19, ẹ má so apá yẹn mọ́ iná tàbí mọ́ éríà títí ẹ ó fi gba ìwé.

Ìkejì, àwọn ọmọ ogun wà ní Ẹdẹ. Bí ẹ bá rí àmì Nigerian Army lára ẹ̀rọ kan tí ẹni tó ń tà á kò sì ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n tà á fún un, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó lè mú yín jókòó ní bárékè ti wọ́n jù.

Bí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ mì í díẹ̀. Bí ohun kan bá ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀, ẹ ṣí i wò. Ẹ yí gbogbo bọ́tìnì. Èyí tó lè koko kì í ṣe àléébù ńlá, girísì àtijọ́ ló gan. Ẹ má fipá yí i. Àléébù ńlá ni táńsífọ́mà tó ti jó, irin tó ti jẹrà dénú, àti ẹ̀rọ tí ẹnìkan ti yọ ẹ̀yà inú rẹ̀ tà. Ẹ ka fáàfù. Bí ihò bá ju fáàfù lọ, iye owó gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ohun tó lè ṣe yín léṣe

Fóòtì 200 sí 250 tó ń lọ tààrà ló wà nínú ẹ̀rọ yìí, ti àwọn kan tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná náà kì í kúrò nígbà tí ẹ bá pa á. Ó máa ń ṣẹ́ kù sínú kapásítọ̀. Ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ dúró, kí ẹ fi résísítọ̀ tó ní wáyà ìdìmú méjì fa ìyókù jáde kí ẹ tó kọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń wọn iná nígbà tó wà ní títàn, kí ọwọ́ kan wà nínú àpò.

Àwọn ojú ìwọ̀n kan tí wọ́n kùn kó lè máa tàn lókùnkùn ní radium nínú. Bí ọ̀dà ojú ìwọ̀n bá ti pọ́n, tó sì ń ṣí, ẹ má fi èékánná ha á, ẹ má fẹ́ ẹ nù, ẹ má ṣí gíláàsì rẹ̀ níbi tí ọmọdé wà. Rẹ́kítífáyà oníselenium, èyí tó jẹ́ àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, máa ń yọ èéfín olóró tó ń rùn bí ó bá jó. Ẹ pa iná, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde.

Àyẹ̀wò tí kò nílò iná

1. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó rọ̀ gbá eruku rẹ̀ kúrò. Ẹ má fi omi kàn án. Ẹ wo abẹ́ ṣásí, irin tí gbogbo ẹ̀yà dúró lé, dáadáa: eku máa ń jẹ wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò, kòkòrò sì máa ń fi amọ̀ kọ́lé sínú sípíkà.

2. Ẹ ya fọ́tò gbogbo igun rẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó fún ìyẹn.

3. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan fóòtì. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì, irin kékeré kan ni ẹ máa yí tàbí kí ẹ ṣí nípò lórí táńsífọ́mà. Ẹ gbé e sí 230 tàbí 240. Bí ó bá jẹ́ 115 nìkan ló mọ̀, ẹ ra táńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 115.

4. Ẹ yọ fáàfù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà ihò rẹ̀ sórí bébà. Orúkọ tí àwọn ológun kọ sára fáàfù kì í ṣe orúkọ tí ọlọ́jà mọ̀ ọ́n sí. ARP34 inú R107 ni CV1053, òun náà ni EF39 tó wà nínú rédíò onílé ayé àtijọ́. Ẹ má lọ kígbe ARP34 lọ́jà kí wọ́n tó wí fún yín pé kò sí. Ẹ béèrè EF39.

5. Ẹ yí ojú sí kapásítọ̀ onípépà, àwọn tó rí gbọọrọ tí wọ́n fi ìda bò tàbí tí wọ́n tì mọ́ inú irin. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ẹyọ kan wà nínú wọn tí ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ láìjiyàn: èyí tó gbé ohùn láti fáàfù tó ṣáájú wá fún fáàfù tó ń ti sípíkà. Bí iná bá ń jò nínú rẹ̀, fóòtì á bọ́ sára fáàfù ìkẹyìn, fáàfù náà á fa iná àfàjù, á sì jó táńsífọ́mà sípíkà. Ẹyọ kapásítọ̀ kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló ń pa ẹ̀yà méjì tí ẹ kò ní rí rà. Bó bá jẹ́ R-390A ni, ẹ fi C553 kún un, nítorí òun ló dúró láàárín fóòtì gíga àti àwọn fílítà onírin tí kò ní àrọ́pò.

6. Ẹ fi mítà wọn táńsífọ́mà iná. Ó yẹ kí wáyà ẹnu rẹ̀ bá ara wọn tan, kó má sì bá ara ṣásí tan.

7. Ẹ já wáyà iná àtijọ́ dànù. Ẹ fi oníwáyà mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, kí wáyà áàtì sì dúró ṣinṣin sára irin ṣásí.

Bí iṣẹ́ yìí bá ju agbára yín lọ, ẹ wá rédíónìkì tó ti dàgbà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ nígbà tí Grundig àti Philips onífáàfù wà nínú pálọ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe lè mọ iṣẹ́ tirẹ̀ dójú àmì, kí fóòtì 250 sì ya á lẹ́nu. Bàbá ni kí ẹ lọ bá. Ẹ mú nǹkan dání, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀.

Iná àkọ́kọ́

Ẹ ra gílóòbù ayé àtijọ́ tó ní wáyà tín-ín-rín nínú, wáàtì 60 tàbí 100. LED kò wúlò níbí. Ẹ so gílóòbù náà sí ojú ọ̀nà wáyà iná ẹ̀rọ, kí iná má lè dé ẹ̀rọ àfi kó gba inú gílóòbù kọjá. Bí nǹkan bá burú nínú ẹ̀rọ, gílóòbù ló máa gba ìyà náà.

Ẹ yọ rẹ́kítífáyà onífáàfù kúrò ná, kí ẹ tan án. Ìwọ̀nba iná tó ń mú inú fáàfù gbóná nìkan ló máa lọ. Gílóòbù máa tàn yòò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà á wálẹ̀. Fáàfù onígíláàsì máa pọ́n díẹ̀. Ti AR88 tó jẹ́ onírin kò ní hàn, ẹ fi ọwọ́ kàn án bóyá ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí gílóòbù bá tàn yòò tí kò wálẹ̀, ẹ pa á. Nǹkan méjì ti pàdé níbi tí kò yẹ.

Tí èyí bá yọrí, ẹ pa á, ẹ dá rẹ́kítífáyà padà, ẹ so sípíkà mọ́ ọn, kí ẹ tún un tàn. Gílóòbù máa tún mọ́lẹ̀ díẹ̀ nígbà tí fóòtì gíga bá gòkè. Ẹ wọn ẹsẹ̀ gíríìdì fáàfù ìkẹyìn. Bí ẹ bá rí fóòtì pọ́sítíìfù (+) níbẹ̀, kapásítọ̀ tí a wí lókè ṣì ń jò. Ẹ pa á kíá. Bí sípíkà bá ń hùn gidi, kapásítọ̀ ńlá tó ń sẹ́ iná ló ti gbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fọwọ́ kan táńsífọ́mà. Gbígbóná wọ́ọ́rọ́ dára. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, ó ti kọjá ààlà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ẹ tó yọ gílóòbù kúrò.

Iná tó ń fò sókè lójijì ní Alajue, ẹ fi stébíláísà dá a lẹ́kun. Ẹ má fi ínfátà olówó pọ́ọ́kú tan án: iná rẹ̀ kì í yí jẹ́jẹ́, ó ń mú táńsífọ́mà gbóná, ó sì ń da ariwo sí etí yín. R107 ní àǹfààní tirẹ̀ níbí. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí ṣájà, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù LED gbogbo àdúgbò bá kú, ariwo á lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ so ó mọ́ báttìrì fóòtì 12, bí àwọn aládùúgbò kò bá sì tíì tan jẹnẹrétọ̀, àsìkò tó dára jù láti gbọ́ nìyẹn.

Éríà àti àrá

Ẹ̀rọ yìí kò nílò éríà olówó ńlá. Wáyà kọ́pà kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 70 ti tó. Ẹ nà án láti igun òrùlé dé orí òpó tàbí igi, kí ó ga ju páànù ilé lọ dáadáa. Ẹ fi okùn ọ̀rá àti ohun tí iná kì í gbà kọjá so orí rẹ̀ méjèèjì, kí wáyà má bá igi tàbí irin kan ara wọn. Ẹ gbé e jìnnà sí wáyà IBEDC, kó má lè ṣubú lù ú bí òpó bá wó. Ẹ ri irin kọ́pà mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ìwẹ̀ ń dà sí, kí ẹ so ó mọ́ ojú áàtì ẹ̀rọ.

Ẹdẹ jẹ́ ìlú Ṣàngó. A kì í kọ́ ọmọ Ẹdẹ pé àrá kì í ṣeré. Ẹ fi súwíìṣì ọ̀bẹ sí ẹnu fèrèsé níta, kí ẹ lè yí éríà sí ilẹ̀ tààrà. Nígbà òjò, ẹ yí i sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá gbọ́ rédíò, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì iná pẹ̀lú. Kí ẹ tó gbọ́ àrá àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣe é.

Ìgbà tí ẹ máa gbọ́, àti ohun tí ẹ máa gbọ́

Láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ kùtù, ẹ wà ní bándì mítà 49, 41 àti 31, ìyẹn mẹ́gáháàsì 5.9 sí 6.2, 7.2 sí 7.45, àti 9.4 sí 9.9. Ní ọ̀sán, ẹ gòkè lọ sí mítà 25 àti 19, mẹ́gáháàsì 11.6 sí 12.1 àti 15.1 sí 15.8. Oòrùn ló ń ṣe é: lọ́sàn-án, ìpele afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ máa ń gbé ìgbì tí mẹ́gáháàsì rẹ̀ kéré mì, lálẹ́, ìpele náà á túká, ìgbì bẹ́ẹ̀ á sì rìn jìnnà. Àkókò ọyẹ́ dára ju àkókò òjò lọ, nítorí mànàmáná tó wà níbi jíjìn náà máa ń fọ́ pẹ̀pẹ̀ nínú sípíkà.

Àwọn ilé iṣẹ́ kò pọ̀ mọ́ bíi ti ìgbà tí àwọn àgbà ń gbọ́ Radio Nigeria Ìbàdàn lórí kílóháàsì 6050 àti Kaduna lórí 4770. Síbẹ̀, ẹ wá Voice of Nigeria lórí 7255 àti 15120 tó ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. BBC ń darí ohùn sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti erékùṣù Ascension nínú òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ máa bá èdè Haúsá, Faransé, Lárúbáwá àti Ṣáínà pàdé lójú ọ̀nà.

Láàárín mẹ́gáháàsì 7.0 sí 7.2 àti 14.0 sí 14.35, ẹ máa gbọ́ ohùn kan tó há pọ̀ tí kò yéni. Àwọn aládàáni oníwèé àṣẹ nìyẹn. Ẹ tan súwíìṣì tí wọ́n kọ BFO sí, ẹ dín agbára tí ẹ̀rọ fi ń gba ìgbì kù, kí ẹ wá yí bọ́tìnì ìgbì bí onídùndún ṣe ń fún ọsán: díẹ̀ péré, ohùn á ti yí. Bí ẹ bá yí i jù, á di ti ọmọdé. Bí ẹ bá dá a padà díẹ̀, á di ohùn èèyàn, ẹ ó sì gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀. Ẹdẹ ni ìlú Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tó wà lórí oyè láti 1946 sí 1975 tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù. Ọmọ ìlú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ yára sọ pé etí òun kò gbọ́ ìyàtọ̀.

Ìtọ́jú

Ẹ tan ẹ̀rọ fún wákàtí kan, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ooru fáàfù ló ń lé ọ̀rinrin jáde nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò kì í sì í yára bàjẹ́ tó èyí tí wọ́n fi aṣọ bò tì. Ẹ má tún un kùn. Ọ̀dà àtijọ́, irin orúkọ, òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà tí ọmọ ogun kan fi ìṣó kọ sára rẹ̀ wà lára ohun tó mú un níye lórí.

Ẹ ní ìwé kan fún un. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti gbà á, ẹ̀yà tí ẹ pààrọ̀, fóòtì tí ẹ wọ̀n ní ibi kọ̀ọ̀kan nígbà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti ilé iṣẹ́ tí ẹ gbọ́ pẹ̀lú aago àti ìgbì. Lọ́jọ́ tí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ẹ tún wọn fóòtì, kí ẹ fi wé ti ìwé: ibi tí nọ́ńbà ti yàtọ̀ ni àìsàn wà. Ẹ má kó àwọn ẹ̀yà tí ẹ yọ dànù. Ẹ dì wọ́n sínú ike, kí ẹ so ìwé náà mọ́ ọn, kí ẹ fi sínú àpótí ẹ̀rọ, nítorí ẹni tó bá máa jogún rẹ̀ á nílò méjèèjì kó tó kan súwíìṣì.